Bí Ẹni Tó Wà Ní Náìtì Ṣe Lè Rí Oorun Ọ̀sán Sùn

Oorun ọ̀sán ni ká kọ́kọ́ tún ṣe fún ẹni tó ń ṣe náìtì ní fákítìrì Ṣágámù tàbí ní ilé ìwòsàn Ìjẹ̀bú-Òde. Bí kò bá rí i sùn, iṣẹ́ á tètè sú u, á sì máa kanra mọ́ ará ilé.

Obì wà lára ohun tó ń bà á jẹ́. Gbàǹja ní kaféènì, èròjà tó ń lé oorun lọ, bíi kọfí. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára. Awẹ́ tí ẹ rún ní aago márùn-ún ìdájí kí ojú lè là, òun náà ni kò ní jẹ́ kó pa dé ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ẹ má jẹ ẹ́ mọ́ tó bá ti di aago kan òru. Ọ̀rọ̀ yìí lè má dùn létí àwọn tó ń ta obì ní Rẹ́mọ o.

Ẹ jẹun yó kí ẹ tó kúrò nílé. Lóru, ẹ̀pà, ẹyin tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti tó. Abọ́ ìkókóré ńlá ní aago méjì òru kì í tètè dà, gààrì Ìjẹ̀bú tó kan á sì máa ta yín láyà tí ẹ bá dùbúlẹ̀.

Láàárín aago mẹ́ta sí márùn-ún ni oorun máa ń kunni jù. Bí ọ̀gá bá gbà, ẹ rẹjú fún 20 ìṣẹ́jú. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ẹ ó jí bí ẹni tó mu ọtí. Bí ojú bá ṣì ń pa dé nígbà tí ẹ parí iṣẹ́, ẹ má gun ọ̀kadà yín lọ sí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ẹ wọ ọkọ̀ èrò.

Nínú yàrá, ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀tá. Kọ́tìnì kan kò tó: ẹ fi aṣọ dúdú kún un, kí ẹ sì kàn án mọ́ ògiri lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí ibẹ̀ ni oòrùn ń gbà wọlé. Ariwo fáànù á bo ti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Ní Sátidé tí òwàǹbẹ̀ bá wà ládùúgbò, ẹ lọ sùn sílé ẹbí. Wákàtí méje la ń wá. Bí márùn-ún péré bá bọ́ sí i láàárọ̀, ẹ fi méjì kún un nírọ̀lẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá tó ń to ṣífìtì, ẹ jẹ́ kó máa lọ síwájú: àárọ̀, ọ̀sán, lẹ́yìn náà òru. Tí ẹ bá yí i sẹ́yìn, ara kì í tètè mọ́ ọn. Ẹ lẹ ètò náà mọ́ ògiri ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí òṣìṣẹ́ tó ní ìnáwó lè rí ẹni bá pààrọ̀.

Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, kó bi dókítà ní aago tí yóò máa lò ó kó tó bọ́ sí náìtì.