Bẹ́ ẹ ṣe máa da kópì tráfíìkì sí pọ́ọ̀tù míì kẹ́ ẹ lè máa wò ó

Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń falẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ mọ ẹni tó ń jẹ ẹ́ run, ẹ yéé wo iná tó ń ṣẹ́jú lára switch (àpótí tó so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀), iná yẹn ò ní sọ nǹkan kan fún yín. Ẹ ní kí switch máa da kópì ohun tó ń kọjá ní pọ́ọ̀tù (ihò tí wáyà ń wọ̀) kan sí òmíì, kẹ́ ẹ wá ki kọ̀ǹpútà yín bọ̀ ọ́. Mirror nìyẹn, SPAN ni Cisco, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe switch, ń pè é. Ẹ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì o, ọ̀rọ̀ ẹlòmíì lẹ fẹ́ máa gbọ́ yẹn.

Lórí switch Cisco, ìlà méjì péré ni:

monitor session 1 source interface Gi0/1 both
monitor session 1 destination interface Gi0/24

Gi0/1 là ń ṣọ́, Gi0/24 la ti ń wò ó, "both" ni àtohun tó ń wọlé àtohun tó ń jáde. "show monitor session 1" á fi hàn yín bóyá ó ti gbà á.

Ibi tó ti ń dun èèyàn rèé: pọ́ọ̀tù destination ò ní ṣiṣẹ́ tiẹ̀ mọ́, kópì nìkan láá máa tú jáde. Èmi tí mò ń sọ yìí, pọ́ọ̀tù tí mo gbà wọ switch láti òkèèrè pẹ̀lú SSH gan-an ni mo kọ síbẹ̀, bí mo ṣe tẹ Enter báyìí gbogbo ẹ̀ dákẹ́ lọ gbári, ni mo bá dìde lọ wá wáyà console, èyí tí wọ́n ń kì bọ switch fúnra ẹ̀ tààrà. Káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì ló dáa jù, ọ̀kan fún iṣẹ́, ọ̀kan fún gbígbọ́, èyí tó ń gbọ́ ò sì nílò IP (àdírẹ́sì nẹ́tíwọ́ọ̀kì) rárá.

Ẹ ṣírò ẹ̀ náà o. Pọ́ọ̀tù 1 Gbps lè gba 1 kó tún rán 1 lẹ́ẹ̀kan náà, ó di 2, destination 1 Gbps ò lè gbé e, èyí tó bá kún jù á kàn dànù, ẹ̀ẹ́ wá máa bú server nítorí packet (ègé dátà) tó jẹ́ pé mirror ló jù ú nù. Ẹ fi "rx" (ohun tó ń wọlé nìkan) rọ́pò "both" tó bá pọ̀ jù.

Tó bá jẹ́ router MikroTik lẹ ní, sniffer ẹ̀ (irinṣẹ́ tó ń gbọ́ tráfíìkì) lè gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi kópì ránṣẹ́ sí yín:

/tool sniffer set streaming-enabled=yes streaming-server=192.168.88.10 filter-interface=ether2
/tool sniffer start

192.168.88.10 ni kọ̀ǹpútà yín, ether2 là ń ṣọ́. Nínú Wireshark (ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wo tráfíìkì), ẹ kọ udp.port == 37008 síbi filter. Ohun tí chip switch bá fúnra ẹ̀ gbé kọjá láìkan CPU (ọpọlọ router), sniffer ò ní rí i.

Ẹ má retí pé ẹ máa ka ohun tó wà nínú HTTPS (tráfíìkì wẹ́ẹ̀bù tí wọ́n ti sọ di àdììtú), ẹni tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ àti bó ṣe pọ̀ tó lẹ máa rí. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, "no monitor session 1", tàbí "/tool sniffer stop".