Wọn ògiri kí o tó dá iye lé iṣẹ́

Bíríkìlà tó ń ti Kàbà lọ ṣiṣẹ́ ní Ìsánlú, fi téèpù wọn ògiri ná. Tó bá gùn ní mítà 4, tó ga ní mítà 3, búlọ́ọ̀kù oní-íǹṣì 9 bíi 120 ni yóò gbà. Fi 6 kún un. Díẹ̀ á ṣáà fọ́ nínú ọkọ̀. Àpò sìmẹ́ǹtì kan ń to nǹkan bí 50, nítorí náà ra 3.

Lásìkò ọyẹ́, búlọ́ọ̀kù gbígbẹ á fa omi inú sìmẹ́ǹtì tí o pò kó tó dì, ojú ìsopọ̀ á sì máa rún bí iyẹ̀fun. Wọ́n omi sí i kí o tó tò ó. Omi rírà yẹn, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ lébìrà, kà wọ́n mọ́ owó iṣẹ́.