Kọ́kọ́ bi ara rẹ ní Yorùbá: bí a ṣe ń kọ dissertation

Nígbà tí mo wà ní Terminale, kíláàsì tó kẹ́yìn ní ilé ìwé girama, mo kọ dissertation, ìyẹn àròkọ tí a fi ń gbé ìbéèrè kan yẹ̀ wò, ojú ewé márùn-ún, wọ́n fún mi ní 6 nínú 20. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni olùkọ́ fi bíìkì pupa kọ sókè ìwé mi: hors sujet, ìyẹn ni pé mo ti yà kúrò lórí ìbéèrè. Inú bí mi débi pé n kò jẹun alẹ́. Ìbéèrè náà ni pé, ṣé iṣẹ́ máa ń fún ènìyàn lómìnira? Ọ̀rọ̀ òmìnira sì rèé, mo ti há a sórí fún ọ̀sẹ̀ méjì, ni mo bá da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ 1960 tí Dahomey gba òmìnira, ọdún 1975 tó yí orúkọ padà sí Bénin, àpérò ńlá ti oṣù Kejì 1990. Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ò yọjú àfi nínú gbólóhùn tó kẹ́yìn.

Lóde òní, èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ Kétu ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n bá ti ilé ìwé dé, àṣìṣe mi yẹn náà ni mo sì ń bá pàdé lójoojúmọ́. Àwọn òbí rò pé Faransé ni kò yọ̀ mọ́ ọmọ lẹ́nu. Kì í ṣe Faransé. Ọmọ náà ti ń kọ kó tó mọ ohun tí wọ́n bi í ni.

Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè kan, ká bá a débi tó bá parí sí: « Faut-il rejeter la tradition pour se développer ? » Irú rẹ̀ kì í wọ́n lẹ́nu olùkọ́.

Dé bíìkì rẹ, kí o túmọ̀ ìbéèrè

Ka ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, sọ ọ́ ní Yorùbá bí ẹni ń sọ ọ́ fún ìyá àgbà tí kò lọ ilé ìwé rí. Má gbójú fo ibí yìí, torí ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà.

Mo fún àwọn ọmọ mẹ́ta ní ìbéèrè yìí. Àkọ́kọ́ ní: « Ṣé dandan ni ká jáwọ́ nínú àṣà ká tó lajú? » Èkejì ní: « ká tó lówó? » Ẹ̀kẹta ní: « kí ìlú tó dáa? » Ìbéèrè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn! Ẹni tó lówó lè má lajú, a rí wọn nílẹ̀ yìí. Ẹni tó sì lajú lè má ní kọ́bọ̀. Se développer ni wọ́n tú sí mẹ́ta. Bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú Faransé bá di mẹ́ta lẹ́nu wa, ọ̀rọ̀ náà ló ń fẹ́ kí o dúró ti òun. Kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sọ èyí tí o máa lò àti ìdí rẹ̀.

Ṣe bẹ́ẹ̀ fún rejeter. Ṣé jù nù ni, àbí pa tì? Ohun tí a pa tì, a lè padà mú un. Ohun tí a jù sí ààtàn, ó di ọwọ́ ewúrẹ́. Tradition ńkọ́? Bí ọmọ bá gbọ́ ọ, òrìṣà ló máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ìdọ̀bálẹ̀ wà nínú rẹ̀, èsúsú wà nínú rẹ̀, oúnjẹ àti ọ̀nà tí a fi ń pín ogún náà wà nínú rẹ̀. Faut-il sì rèé: ṣé dandan ni, àbí ó kàn yẹ? Ohun tó yẹ lè má jẹ́ dandan.

Tí o bá tú u báyìí, wàá rí i pé ìbéèrè mìíràn ń bẹ lábẹ́ èyí tí wọ́n kọ. Òun ni àwọn olùkọ́ ń pè ní problématique. Tèmi ni: ṣé àṣà ló ń dá wa dúró, àbí a ò mọ èyí tó yẹ ká dì mú ni? Bí ìdáhùn bá yá ọ lẹ́nu kíákíá, o ò tíì débẹ̀.

Jẹ́ kí ẹjọ́ méjèèjì dé etí rẹ

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Thèse, antithèse, synthèse (ẹjọ́ kan, ẹjọ́ tó takò ó, àti ìdájọ́) tó ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ, kò ju bí baálé ilé ṣe ń parí ìjà lọ. Lórí brouillon, ìwé tí a kọ́kọ́ ń kọ èrò sí kí a tó kọ ojúlówó, fa ìlà sí àárín, kọ tọ̀tún, kọ tòsì. Èyí tí o kò gbà gbọ́ ni kí o kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, kí o sì gbé e kalẹ̀ dáadáa, bí ẹni pé ọ̀rẹ́ rẹ ló ni ín.

Lọ́wọ́ kan, wo vidomẹgọn, bí àwọn Fọn ṣe ń pe ọmọ tí a fi sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Láyé àtijọ́, ènìyàn máa ń fi ọmọ ránṣẹ́ sọ́dọ̀ ìbátan tó rí jájẹ, kó lè tọ́ ọ, kó sì fi í sílé ìwé. Àṣà ìrànlọ́wọ́ ni. Lónìí, ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ń gbé igbá kiri ọjà látàárọ̀ dalẹ́ láì rójú ìwé. Ẹni tó bá ní ká jáwọ́ nínú àṣà rí ibi dúró sí. Lọ́wọ́ kejì, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tiwa, tí UNESCO kéde ní 2001, tó sì wọ inú àkọsílẹ̀ àgbáyé rẹ̀ ní 2008.

Apá kẹta ló ń pa ọ̀pọ̀ ọmọ. Wọ́n á kọ pé « àṣà ní dáadáa, ó ní burúkú », wọ́n á pa ìwé dé. Baálé tó bá ní « ẹ̀yin méjèèjì jẹ̀bi, ẹ máa relé », kò dá ẹjọ́ kankan. Wá ìdí tí ọ̀rọ̀ méjèèjì fi takora. Nínú vidomẹgọn, kì í ṣe àṣà ló burú. Ohun tí a torí rẹ̀ dá a sílẹ̀ ló ti kú, tí a sì ń gbé òkú rẹ̀ kiri. Nítorí náà, bíbéèrè ohun tí àṣà kan wà fún ló ṣe pàtàkì ju bó ṣe pẹ́ tó lọ. Níbẹ̀ ni o ti kúrò níbi tí o ti bẹ̀rẹ̀.

Ìpínrọ̀ kan, kókó kan

Ọmọ kan kọ báyìí (mo ń tú u sí Yorùbá): « Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jẹ́ àṣà wa. Ó dára púpọ̀. Àwọn àlejò máa ń wá wò ó. UNESCO mọ̀ ọ́n. » Gbólóhùn mẹ́rin, òótọ́ ni gbogbo wọn, kò sì sí èyí tó dáhùn ìbéèrè.

A jọ jókòó tún un kọ: « Kò di dandan kí a jù àṣà nù, nítorí àṣà kan lè máa ṣe iṣẹ́ tí ìlú tó ń gòkè nílò. Lálẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, Ẹ̀fẹ̀, olórin tó ń dé ìbòjú, máa ń fi orin tú àṣírí ẹni tó hùwà àìdáa, bó ti wù kí onítọ̀hún tóbi tó. Kí rédíò tó dé ni ìlú ti ní ẹni tó ń bá alágbára wí. Ìlú tó bá pa ẹnu yẹn mọ́ kò tíì tẹ̀ síwájú. »

Kókó, ìdí, àpẹẹrẹ, kí o padà sórí ìbéèrè. Tí àpẹẹrẹ kò bá padà sórí ìbéèrè, ìtàn lásán ni.

Ní ti ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀: bí kò bá dá ọ lójú ẹni tó sọ ọ́, fi í sílẹ̀. Mo ti rí ìwé tí ọ̀rọ̀ ẹnu àbúrò bàbá ọmọ kan ti di ti Descartes, onímọ̀ ará Faransé. Òwe wa wúlò, ṣùgbọ́n túmọ̀ rẹ̀, kí o sì ṣàlàyé rẹ̀. Má gbé e sílẹ̀ níhòòhò. Ní yunifásítì, gbogbo ọ̀rọ̀ tí o bá yá ni o gbọ́dọ̀ dárúkọ olówó rẹ̀. Ẹni tó bá wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ti rí ibi lọ, Bibliothèque nationale (ilé ìkàwé ìjọba) àti Archives nationales (ilé àkójọ ìwé àtijọ́) wà nítòsí rẹ̀. Àwa ará Kétu ń ṣe é bí a ti lè ṣe é.

Ìfáàrà ni kí o kọ kẹ́yìn

Lórí brouillon ni o, nígbà tí o bá ti mọ ibi tí o ń lọ. Ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: ohun tó mú ọ̀rọ̀ wá, ìbéèrè abẹ́lẹ̀ yẹn, àti ọ̀nà tí o máa gbà. Jọ̀wọ́, má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú « Depuis la nuit des temps » (láti ìgbà ìwáṣẹ̀). Wá nǹkan tó súnmọ́ni. Fún ìbéèrè yìí, ní oṣù Kọkànlá 2021, Faransé dá ohun 26 tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kó ní ààfin Abomey padà fún wa. Orílẹ̀-èdè tó ń wá ìlọsíwájú náà ló tún ń lọ gba ohun àtijọ́ rẹ̀ padà. Kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe? Ìbéèrè ti délẹ̀ nìyẹn.

Ìkádìí kò gbọ́dọ̀ gùn. Sọ ìdájọ́ rẹ, dúró.

Bó bá jẹ́ wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fún ọ, lo wákàtí kan gbáko lórí brouillon. Fi ogún ìṣẹ́jú pa mọ́ fún àtúnkà, kí o sì kà á lẹ́ẹ̀mejì, ohun kan lẹ́ẹ̀kan. Lákọ̀ọ́kọ́, il àti elle, le àti la nìkan: « ó » kan ṣoṣo ni èdè wa ní fún ọkùnrin, obìnrin àti àga, ibẹ̀ la sì ti ń ṣubú. Lẹ́ẹ̀kejì, ìparí ọ̀rọ̀ ìṣe, torí « lọ » wa kì í yí padà, bó ti wù kí ẹni tó ń lọ pọ̀ tó.

Fún ẹni tó ń kọ́ni

Má fi bíìkì pupa kun gbogbo ìwé. Mú àṣìṣe kan lọ́sẹ̀ kan. Kó tó di pé wọ́n kọ nǹkan kan, jẹ́ kí wọ́n jiyàn lẹ́nu, ní Yorùbá, kí ẹni méjì pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ ní àárín iyàn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ìbéèrè tèmi àtijọ́ fún wọn: ṣé iṣẹ́ máa ń fún ènìyàn lómìnira? Ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn ò tiẹ̀ mú bíìkì. Ó ní: « Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ta ni? Ti ẹni tó ni oko ni, àbí ti alágbàṣe? »