Máòsì Olórí Roboto Tó Já Lẹ́nu Iṣẹ́

Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ń gbálẹ̀ lábẹ́ tábìlì ni ìgbálẹ̀ fi kọ́ wáyà máòsì, ló bá já kúrò lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Prọ́jẹ́ẹ̀tì akẹ́kọ̀ọ́ kan ni mo ń tẹ̀ lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Sángo, n'Ìbàdàn. Ojú ewé 43 la wà. Mo nawọ́ sẹ́yìn, mo fẹ́ kì í bọ ihò rẹ̀ padà. Kò fẹ́ wọlé, mo bá fi agbára tì í. Ọfà ojú kọ̀ǹpútà ò mira.

"Àǹtí, ṣé iṣẹ́ mi ò ti lọ báyìí?" Akẹ́kọ̀ọ́ náà ló bi mí.

"Kò lọ síbì kankan. Jókòó."

Ẹnu lásán ni o, àyà mi ń já. Kíbọ́ọ̀dù ṣì ń gbọ́ràn ní tiẹ̀, òun ni mo fi ṣe gbogbo rẹ̀: Ctrl àti S kí iṣẹ́ lè wà ní ìpamọ́, Alt àti F4 láti ti fáìlì, lẹ́yìn náà bọ́tìnì Windows, ọfà ọ̀tún, Enter. Windows 7 ni, ó pa. Mo yọ wáyà iná lára ògiri.

Máòsì ayé àtijọ́ ni, irú tó ń lo ihò roboto PS/2 tí IBM gbé jáde ní 1987. Ihò aláwọ̀ ewé ni ti máòsì, elésè àlùkò ni ti kíbọ́ọ̀dù, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín mẹ́fà ló sì wà lẹ́nu wáyà kọ̀ọ̀kan. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i: ọ̀kan ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Agbára tí mo fi tì í ló fà á, kì í ṣe ìgbálẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Mo fa ọ̀pá inú báírò tí yíǹkì rẹ̀ ti tán yọ, mo fi ihò rẹ̀ bo abẹ́rẹ́ náà, mo ń rọra gbé e dìde. Bó bá ṣẹ́, ó parí nìyẹn.

Ká tiẹ̀ ní kò tẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má ṣiṣẹ́. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn ló máa ń kí máòsì, tó sì ń ní kó máa ròyìn. Èyí tó bá já tó sì padà ti gbàgbé àṣẹ yẹn, yóò kàn dákẹ́ ni. Kíbọ́ọ̀dù ò ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Bí iná bá ti kàn án, ó ti ń sọ̀rọ̀. Mo ti yọ ọ́ rí lórí iná, ó padà ṣiṣẹ́, iná Num Lock nìkan ló kú. Ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ nìyẹn, wọ́n á rò pé kò léwu. Iná fóòtì (volt) márùn-ún ń gba ihò yẹn kọjá, mo sì ti rí motherboard, pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà, tí fíúùsì rẹ̀ jó, tí ihò méjèèjì kú pọ̀.

Abẹ́rẹ́ náà dìde, mo ki máòsì bọ ihò, mo tan kọ̀ǹpútà. Bó ṣe ń tàn padà, mo fi ẹnu wáyà USB ti máòsì kọ̀ǹpútà kejì han ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́. Nínú irin pẹlẹbẹ mẹ́rin tó wà níbẹ̀, méjì tó wà létí gùn ju ti àárín lọ. Àwọn ló ń gbé iná, wọ́n sì ń kanra kí ti àárín tó ń gbé ọ̀rọ̀ tó dé. "Èyí, yọ ọ́ bó ṣe wù ọ́."

Ọfà mira. Akẹ́kọ̀ọ́ wa ò wo USB kankan.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ojú ewé 44."