Bí A Ṣe Ń Dá Pápá Rọ́kẹ́ẹ̀tì Tuntun Sílẹ̀ ní Òkè Àríwá Yúróòpù

Ẹni tó bá fẹ́ dá pápá sílẹ̀, níbi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì yóò ti máa gbé sátẹ́láìtì lọ sí gbalasa òfuurufú, kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ wá ibi tí yóò ti gbéra. Ibi tí apá rẹ̀ tó bá tú kúrò lójú ọ̀nà, tàbí òun fúnra rẹ̀ bó bá ṣìnà, yóò já bọ́ sí ni kó kọ́kọ́ wá.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lọ, ẹ mọ irú ẹrù tí ẹ fẹ́ gbé. Ní Ìlọrin níbí, ayé ń fi bíi mítà 460 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan yí lọ sí ìlà-oòrùn, rọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá sì kọrí síbẹ̀ yóò jẹ èrè eré náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ní erékùṣù Andøya ní Nọ́wè, eré náà kò ju bíi mítà 165 lọ. Lójú ẹni tí kò mọ̀, àdánù gbáà nìyẹn. Àmọ́ sátẹ́láìtì tó ń ya àwòrán ilẹ̀ kì í kọrí sí ìlà-oòrùn; àríwá àti gúúsù ló ń gbà, tí ayé ń yí lábẹ́ rẹ̀. Irú rẹ̀ ni NigeriaSat-1 tiwa, tí wọ́n gbé láti Plesetsk ní àríwá Rọ́síà ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003. Bí ẹrù yín bá jẹ́ ti tẹlifíṣọ̀n, èyí tí í dúró lójú kan lókè, ẹ má wulẹ̀ lọ sí àríwá rárá.

Ó wá ku ibi tí yóò já bọ́ sí. Òkun ni Nọ́wè yàn, nítorí pé kò sí ìlú kankan nítòsí níwájú Andøya bí a bá kọjú sí àríwá. Ní Swídìn, pápá Esrange, tó wà nítòsí Kiruna láti ọdún 1966, ní ilẹ̀ tó fẹ̀ tó nǹkan bí 5,200 kìlómítà níbùú lóòró fún un. Síbẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, rọ́kẹ́ẹ̀tì ìwádìí kan ṣìnà, ó sì já sórí òkè kan ní Nọ́wè, ní bíi kìlómítà 15 sí ẹnubodè.

Ẹ má sì pe ilẹ̀ náà ní ilẹ̀ òfìfo. Àwọn ẹ̀yà Sámì ń da àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù (reindeer) níbẹ̀ bí àwọn Fúlàní ṣe ń da màlúù lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ rí ní Ìlọrin mọ̀ pé ìwé nìkan kò tó, àfi kí a rí magájí àti àwọn tó ń dáko níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní oṣù tí ẹran ń kọjá, ẹ sì yọ oṣù náà kúrò kí ẹ tó dá ọjọ́ fún oníbàárà kankan.

Ìjọba yóò béèrè inṣọ́ránsì, wọn kò sì jẹ̀bi: lábẹ́ àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1972, orílẹ̀-èdè tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ti gbéra ni yóò san gbèsè ohun tó bà jẹ́ lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn, ìbáà ṣe àṣìṣe tàbí kò ṣe.

Ìkéde ìgbéra fún àwọn aládùúgbò ni mo fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ sí jù. Mo rí bàbá àgbàlagbà kan lẹ́yìn Òmù-Àrán nígbà ọyẹ́, tó fẹ́ sun igbó oko rẹ̀: fúnra rẹ̀ ló rìn yí àwọn alábàágbé oko ká, kò sì kúrò níwájú ẹnì kankan títí onítọ̀hún fi dá a lóhùn. Nọ́wè kò rí irú èyí ṣe ní ọdún 1995. Wọ́n ti fi ìwé ránṣẹ́ sí Rọ́síà pé rọ́kẹ́ẹ̀tì ìwádìí yóò gbéra ní Andøya, ṣùgbọ́n ìwé náà kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó jókòó sídìí rédà. Nígbà tó gbéra ní ọjọ́ 25 oṣù Kìn-ín-ní, wọ́n rò pé ohun ìjà ni, wọ́n sì gbé àpótí àṣẹ bọ́ǹbù átọ́míìkì tọ Ààrẹ Yeltsin lọ. Nítorí náà, ẹ gba èsì lẹ́nu ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ gan-an, ẹ má gbà á lọ́wọ́ akọ̀wé.

Ilé kíkọ́ kò le tó báyìí: ọ̀nà, èbúté, iná, kọnkéré tó nípọn, àti táǹkì fún ọ́síjìn olómi tó tutù dé ìwọ̀n Celsius 183 sísàlẹ̀ òdo.

Lọ́jọ́ ìgbéra, ẹ wo afẹ́fẹ́ òkè, kì í ṣe ti ilẹ̀ nìkan. Ní Andøya, afẹ́fẹ́ dá rọ́kẹ́ẹ̀tì Spectrum ti ilé-iṣẹ́ Isar Aerospace ti Jámánì dúró ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 2025. Nígbà tó gbéra ní ọjọ́ 30, kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi ṣubú, àmọ́ inú òkun ló já sí, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára.