Bí A Ṣe Ń Kan Jáńgílọ́fà Onígi Sẹ́yìnkùlé Láti Inú Páálí Irin

Ní ìlú Houston níbi tí mò ń gbé, àwọn ilé ìtajà ńlá tí wọ́n ti ń ta pákó àti irin máa ń to àwọn páálí wúwo kan jọ nígbà tí ìgbà ooru bá ti ń sún mọ́lé, tí àwòrán jáńgílọ́fà onígi tó dúró lórí koríko tútù sì wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ òbí tó bá rí àwòrán yẹn ló máa ń rò pé gbogbo jáńgílọ́fà náà ló wà nínú páálí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Irin nìkan ló wà níbẹ̀: irin ìsopọ̀ méjì tí yóò di orí àwọn òpó mú, àwọn irin ìsokọ́ tí ṣéènì yóò rọ̀ mọ́, bóòtù, nọ́ọ̀tì àti súkúrù, àti ìjókòó méjì pẹ̀lú ṣéènì wọn bó bá jẹ́ èyí tí owó rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Igi di ohun tí a ó fi owó wa rà lọ́tọ̀. Ohun mìíràn tí kò sí nínú páálí, tí ìwé ìlànà inú rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ṣàlàyé, ni ilẹ̀ tí ọmọ yóò já bọ́ sí, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ yìí gan-an ni mo gbà pé ó yẹ kí ó gba èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò àti owó ẹni tó bá fẹ́ kan jáńgílọ́fà fún ọmọ rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mú téèpù lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ààbò ọjà, Consumer Product Safety Commission, dámọ̀ràn pé kí ilẹ̀ tí a ṣe rírọ̀ níwájú àti lẹ́yìn jáńgílọ́fà tó ìlọ́po méjì gíga igi ìdábùú tí a so ó kọ́, kí ó sì tó ẹsẹ̀ bàtà 6 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí igi ìdábùú bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 8, a ó fi ẹsẹ̀ bàtà 16 sílẹ̀ níwájú, a ó sì fi 16 mìíràn sílẹ̀ lẹ́yìn. Bí ìdábùú náà bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ilẹ̀ tí a nílò yóò jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 32 ní gígùn àti 24 ní ìbú. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yìnkùlé ni kò tó bẹ́ẹ̀, ó sì sàn kí a mọ̀ nígbà tí owó ṣì wà lápò ju ìgbà tí òpó bá ti wọlẹ̀ lọ. Ọgbà, igi, okùn ìsáṣọ tàbí ẹ̀rọ amúlétutù kò gbọdọ̀ sí nínú ààyè yìí rárá. Ẹ wo ọ̀nà tí oòrùn ọ̀sán ń gbà pẹ̀lú, nítorí pé ní oṣù Keje níhìn-ín, ṣéènì tó bá ti wà nínú oòrùn láti àárọ̀ lè jó ọmọ lọ́wọ́. Ibi tí ibòji ilé bá ń bọ̀ lẹ́yìn aago mẹ́ta ọ̀sán ló dára jù. Ní àwọn àdúgbò kan, ẹgbẹ́ àwọn onílé ní òfin lórí ohun tí ènìyàn lè gbé kalẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Koríko dára lójú, ṣùgbọ́n kò gba ọmọ lọ́wọ́ ìṣubú, pàápàá ní Houston níbi tí amọ̀ dúdú abẹ́ koríko ti máa ń gan bíi bíríkì nígbà tí òjò bá dá. Ohun tí mo lò ni èérún igi, èyí tí ó gbọ́dọ̀ nípọn tó íǹṣì 9 lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ àti òjò bá ti kì í mọ́lẹ̀. Nítorí pé ó máa ń kì, íǹṣì 12 ni a ó dà síbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: ilẹ̀ tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 32, tó fẹ̀ ní 24, tí èérún igi inú rẹ̀ sì jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 1, yóò gba kúbíìkì fíìtì 768. Bí a bá fẹ́ rà á ní àpò kéékèèké tó ń gba kúbíìkì fíìtì 2, àpò 384 ni a ó gbé wọ inú ọkọ̀ tí a ó sì tún gbé jáde. Ẹni tó bá pe ọlọ́kọ̀ akẹ́rù kí ó wá dà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló ṣe é bó ṣe yẹ. Kí ó tó dé, a ó ti hú koríko kúrò, a ó ti tẹ́ aṣọ tí omi ń gbà kọjá sórí amọ̀, a ó sì ti fi pákó yí etí ilẹ̀ náà ká kí èérún igi má baà ṣàn lọ pẹ̀lú àgbàrá.

Ní ti igi, pákó tí wọ́n ti fi oògùn rẹ, tí wọ́n sì kọ ọ́ sí lára pé ó lè fara kan ilẹ̀, ni kí ẹ rà. Òpó mẹ́rin tó jẹ́ 4 lórí 4, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, ni yóò jẹ́ ẹsẹ̀. Ìdábùú jẹ́ 4 lórí 6 tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12. Ìwọ̀n tí a ń pè ní 4 yìí kì í pé 4: íǹṣì 3.5 ni téèpù yóò sọ, ìwọ̀n yẹn gan-an ni wọ́n sì ṣe irin inú páálí fún. Ẹni tó wà ní Nàìjíríà tó bá ra irú páálí yìí wálé gbọ́dọ̀ fi téèpù wọn inú irin náà kí ó tó sọ ìwọ̀n fún àwọn onílé-ìlagi. Ìrókò tàbí àpá ni kí ó lò, kì í ṣe arère, nítorí pé ikán kì í pẹ́ jẹ arère tán. Ẹ yan ìdábùú fúnra yín láàárín òkìtì pákó. Ẹ gbé orí rẹ̀ sókè, ẹ fi ojú kan wo ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹni ń wo ojú ìbọn. Ẹ fi èyí tó bá lọ́ tàbí tó ní kókó ńlá ní àárín sílẹ̀.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé kí ẹ má ṣe lo ògbólógbòó pákó tí ẹnìkan tú kúrò lára ilé. Títí di òpin ọdún 2003, oògùn tí wọ́n sábà máa ń fi rẹ pákó ìta ní Amẹ́ríkà ní arsenic nínú, májèlé sì ni. Oògùn tòde òní kò ní in, ṣùgbọ́n bàbà pọ̀ nínú rẹ̀, bàbà yìí sì máa ń mú kí irin lásán dípẹtà kíákíá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé gbogbo bóòtù tí ẹ bá rà kún ti inú páálí gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n rì sínú síńkì (zinc) tí wọ́n fi iná yọ́. Ẹ ní láti fi ìbòmú bo imú nígbà tí ẹ bá ń rẹ́ pákó náà, kí ẹ fi oògùn kun ojú ibi tí ayùn ti gé e, nítorí pé oògùn ilé iṣẹ́ kì í sábà wọ inú igi dé ọ̀gbun, ẹ má sì ṣe dáná sun èyí tó bá ṣẹ́ kù.

Orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ bí ibi ìgbọ́kọ̀sí ni kí ẹ ti to ẹsẹ̀ jọ. Ẹ tẹ́ òpó méjì sílẹ̀, ẹ ki orí wọn bọ inú irin ìsopọ̀, kí ẹ sì ya ẹsẹ̀ wọn títí wọn yóò fi bá igun tí irin náà ní mu, tí yóò sì rí bíi lẹ́tà A. Ẹ fi pákó kan so wọn pọ̀ ní agbede. Nígbà tí èyí bá parí, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n tuntun fún ìkejì: orí àkọ́kọ́ ni kí ẹ tẹ́ ẹ lé, òpó lórí òpó, kí àwọn méjèèjì lè bára mu bí ìbejì.

Ẹ kọ́kọ́ fi dírììlì lu ihò kí súkúrù tó wọlé, kí ihò náà kéré díẹ̀ sí ara súkúrù. Mo fò ó lójọ́ àkọ́kọ́ nítorí pé ilẹ̀ ti ń ṣú. Súkúrù kẹta wọlé dáadáa títí ó fi ku bí íka ọmọdé kan, ni mo bá gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ igi ìdáná, ojú òpó náà sì là láti etí irin wá sí ìsàlẹ̀, ó gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Kò sí àtúnṣe kankan fún irú òpó bẹ́ẹ̀. Mo yọ ọ́, mo sì lọ ra òmíràn ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ihò bóòtù ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ara bóòtù dọ́gba. Orí róbótó rẹ̀ ni kí ó kọjú sí ibi tí ọmọ lè fi ara kàn, kí ìdí rẹ̀ má sì yọ ju eyín méjì lọ kọjá nọ́ọ̀tì, nítorí pé aṣọ ọmọ lè há síbẹ̀.

Àgbàlagbà mẹ́ta ni yóò gbé ìdábùú sókè, ẹni kan ní orí kọ̀ọ̀kan àti ẹni kan tí yóò máa ki bóòtù bọ ihò. Ẹ rí i pé ojú rẹ̀ tó fẹ̀ dúró lóòró, kò gbọdọ̀ sùn. Bí igi 4 lórí 6 bá dúró báyìí, agídí tí yóò fi kọ̀ láti tẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì àbọ̀ ti ìgbà tó bá sùn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti dúró, ẹ fi téèpù wọn láti ẹsẹ̀ iwájú apá òsì dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn apá ọ̀tún, kí ẹ sì wọn ìkejì tó dábùú rẹ̀. Bí ìwọ̀n méjèèjì bá dọ́gba, férémù náà kò wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì tí àwọn bíríkìlà ń lò lé orí ìdábùú.

Nígbà tí ọmọ bá ń fì lọ fì bọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn máa ń fẹ́ gbéra nílẹ̀ nígbà tí ó bá lọ síwájú, ẹsẹ̀ iwájú náà yóò sì fẹ́ gbéra nígbà tí ó bá padà sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi nílò irin ìdákọ̀ró. Kí ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ẹ pe 811 ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Ọ̀fẹ́ ni, wọn yóò sì wá fi ọ̀dà sàmì sí ibi tí páìpù gáàsì àti wáyà iná gbà. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 2 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ ri irin ìdákọ̀ró sínú kọnkéré níbẹ̀, kí ẹ sì fi bóòtù de orí rẹ̀ mọ́ òpó. Amọ̀ Houston máa ń wú nígbà òjò, ó sì máa ń sún kì nígbà ọ̀dá, ihò tí kò bá jìn kò lè dá irin dúró nínú rẹ̀. Orí kọnkéré náà gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí èérún igi bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ fún un ní ọjọ́ bíi mélòó kan kó gan dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó fi ọwọ́ kan ìdábùú.

Irin ìsokọ́ inú páálí mi tó fún ìjókòó mẹ́ta. Méjì péré ni mo so, nítorí pé láàárín ẹsẹ̀ apá òsì àti ẹsẹ̀ apá ọ̀tún, ìjókòó méjì ni àjọ tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan fọwọ́ sí. Fún ibi ìṣeré gbogboogbò, wọ́n ní kí íǹṣì 24 wà láàárín ìjókòó sí ìjókòó, kí 30 sì wà láàárín ìjókòó àti òpó, n kò sì rí ìdí tí ọmọ tèmi yóò fi gba ààyè tó kéré sí ti ọmọ gbogboogbò. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú ìdí tí mo fi yan ìdábùú ẹsẹ̀ bàtà 12 dípò 10. Ìjókòó gbọ́dọ̀ jẹ́ rọ́bà tàbí ike tó rọ̀. Pákó tàbí irin tó bá ń fì lè fọ́ orí ọmọ tó ń kọjá lọ. Ẹ fi púláyà pa ẹnu ìkọ́ tí ó so ṣéènì mọ́ ìjókòó dé, títí dime, owó ẹyọ Amẹ́ríkà tó tínrín, kò fi ní lè wọ àárín rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ so okùn ìfò tàbí okùn mìíràn mọ́ jáńgílọ́fà, kí ẹ sì yọ okùn ọrùn kúrò lára aṣọ òtútù rẹ̀ kí ó tó gùn ún. Irú okùn bẹ́ẹ̀ ti fún àwọn ọmọdé lọ́rùn pa.

Kí ọmọ tó jókòó, ẹ dán an wò pẹ̀lú ẹrù tó wúwo jù ú lọ dáadáa. Ọmọ tó wúwo ní kílò 30, tó bá fì débi tí ṣéènì fi ya kúrò lóòró ní igun dígírì 60, yóò fa ìdábùú bí ẹni tó wúwo ní kílò 60 nígbà tí ó bá kọjá ní ìsàlẹ̀. Mo so àpò ìrẹsì 50 kílò méjì mọ́ ìjókòó kan, mo fi wọ́n sílẹ̀ fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà ni mo tì wọ́n kí wọ́n máa fì, mo sì dúró ti irin ìsopọ̀ láti fetí sí i. Bí igi bá ń dún níbi tó ti pàdé irin, bóòtù kan wà tí kò tíì fún.

Pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi oògùn rẹ máa ń tutù nígbà tí a rà á, yóò sì sún kì bó bá ti ń gbẹ, nítorí náà gbogbo bóòtù ni yóò tú díẹ̀ láàárín oṣù àkọ́kọ́. Ẹ padà fi sípánà fún gbogbo wọn, kí ẹ sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru lọ́dọọdún. Abẹ́ ìjókòó ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ti ń ha ilẹ̀, tí èérún igi yóò fi ṣí kúrò tí amọ̀ yóò sì yọjú láìpẹ́. Mo fi ọ̀dà pupa fa ìlà kan yí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ká ní gíga tí èérún igi dé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àti òmíràn ní íǹṣì 3 nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọmọ mi tó jẹ́ ọdún méje náà mọ̀ pé bí ìlà ìsàlẹ̀ bá ti yọ, kò sí ẹni tí yóò gun jáńgílọ́fà títí a ó fi fi réèkì kó èérún igi padà sí àyè rẹ̀.