Bí a ṣe ń yẹ ààbò ọkọ̀ tòkunbọ̀ kékeré wò

Kí ẹ tó sanwó ọkọ̀ kékeré l'Adó-Èkìtì, ẹ wo iye ìràwọ̀ tí Euro NCAP, àjọ tó ń dán ààbò ọkọ̀ wò ní Yúróòpù, fún un, àti ọdún tí wọ́n dán an wò. Ìràwọ̀ 5 ti 2005 kò tó ti òde òní, torí ìdánwò ń le sí i.

Ọkọ̀ tuntun ni wọ́n sì dán wò. Ti yín ńkọ́? Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láì tan ẹ́ńjìnnì: iná airbag (àpò afẹ́fẹ́ tó ń wú láti dáàbò bo èèyàn bí ọkọ̀ bá forí gbá nǹkan) gbọ́dọ̀ tàn díẹ̀, kó sì kú. Bí kò bá tàn rárá, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀ kí ẹ má baà mọ̀ pé airbag ti bẹ́.

Ẹ fa bẹ́líìtì jáde tán, kí ẹ fi ọwọ́ tọ́ etí rẹ̀ wò bóyá ó ti ń yọ òwú. Ẹ fà á lójijì, ó gbọ́dọ̀ há.